Àlẹ́ẹ̀tì Tí Kì í Dákẹ́

Ọ̀gá Ọdúnjọ kì í gbàgbé nǹkan. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ pé ju ti ẹlòmíràn lọ o. Ohun tí èèyàn bá fi dùn ún nìkan ni kì í gbàgbé. Tíṣà kan nà án ní kíláàsì kẹrin nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Ó gbé síléètì rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà, kò sì padà mọ́. Tíṣà yẹn fẹ̀yìn tì, ó darúgbó, ó kú. Nígbà tí wọ́n wá pe Ọ̀gá Ọdúnjọ síbi ìsìnkú, ó ní kí wọ́n bá òun kí òkú, inú ṣì ń bí òun.

Hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà létí òkun ní Eleko, tí aṣọ́bodè ibẹ̀ ní kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé torí pé sìmẹ́ǹtì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sì mọ ògiri hòtẹ́ẹ̀lì náà láti ìpìlẹ̀ dókè. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ń kọjá níbẹ̀, òkun ló máa ń kọjú sí.

Ṣùgbọ́n eré ọmọdé ni gbogbo ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọláníyan. Ọ̀gá Ọdúnjọ jẹ́ ọ̀gá bíríkìlà ní Ajah, ọdún mẹ́rin gbáko ni Ọláníyan sì fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń mọlé, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń da kọnkéré, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ojú lásán mọ ògiri tó wọ́. Ọláníyan ṣe fìrídọ́ọ̀mù tán, kò pé ọdún kan, wọ́n pàdé níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré àjà òkè, fún ilé alájà kan ní Ibeju-Lekki. Ọláníyan kọjá níwájú ọ̀gá rẹ̀, ọrùn rẹ̀ nà gbọin, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, kò sì kí i. Bí ẹni kọjá níwájú òpó iná.

Ọdún kẹsàn-án rèé. Ọ̀gá Ọdúnjọ kò fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ Ọláníyan mọ́. "Ọkùnrin yẹn" ló ń pè é.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà Fàrídátù fi gún un bí ìṣó. Obìnrin tí kì í pariwo ni Ẹnjiníà Fàrídátù. Ó ń kọ́ ilé alájà mẹ́fà kan ní Ibeju-Lekki, Ọ̀gá Ọdúnjọ ló sì gbé iṣẹ́ dídà dẹ́kìn fún. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa da ti àkọ́kọ́, ẹni mẹ́rìnlélógún ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀gá Ọdúnjọ tẹ fóònù láti ìdájí títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi kú. Fóònù ẹni kan ti kú, ẹnì kejì ní òun ti wà lójú ọ̀nà, orí bẹ́ẹ̀dì ló sì wà ní Lángbàsà. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló dé, kọnkéré ti ń le nínú ọkọ̀.

Ẹnjiníà wò wọ́n, ó wo aago, ó ní, "Ọ̀gá Ọdúnjọ, dẹ́kìn márùn-ún ló kù. Sátidé tó ń bọ̀ la máa da ìkejì. Ẹni mẹ́rìnlélógún, aago méje àárọ̀. Bí wọn ò bá pé, Ọláníyan ni yóò da márààrún."

"Ẹnjiníà, ẹ má dárúkọ ọkùnrin yẹn fún mi."

"Ẹ kó èèyàn yín wá, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́."

Bí Ọ̀gá Ọdúnjọ ṣe di oníbàárà Ṣèyílọ́lá nìyẹn. Ọmọbìnrin yìí ń kọ áàpù ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Igbó Ẹfọ̀n, òun àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ànú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti kọ áàpù kan tó máa ń ṣí lórí fóònù àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n bá ti tẹ líǹkì rẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dé, Ọ̀gá Ọdúnjọ á tẹ bọ́tìnnì kan, àlẹ́ẹ̀tì á sì dé sí fóònù gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun gbogbo ti parí tán ní ọjọ́ Ajé. Ó ku bí àlẹ́ẹ̀tì náà á ṣe yọjú.

"Bàbá, láíbìrì tí a máa lò ló kù," ni Ṣèyílọ́lá wí.

"Ọmọ mi, kíláàsì kẹrin ni mo dé. Má gbé ìwé fún mi."

"Kì í ṣe ti ìwé, sà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́lé, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń mọ búlọ́ọ̀kù fúnra yín?"

"Kí ni mo fẹ́ mọ búlọ́ọ̀kù fún? Ọwọ́ oníbúlọ́ọ̀kù ni mo ti máa rà á."

"Ohun tí láíbìrì jẹ́ nìyẹn, sà. Àwọn kan ti mọ búlọ́ọ̀kù àlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Tiwa ni pé ká yan èyí tó dára, ká fi mọ ilé wa."

Ojú Ọ̀gá Ọdúnjọ là. Ọ̀rọ̀ ti wọ agbègbè tó mọ̀ wàyí. Ó fa àga súnmọ́ kọ̀ǹpútà. "Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń dán búlọ́ọ̀kù wò? A máa gbé e dé ìdí, a ó jù ú sílẹ̀. Èyí tó bá fọ́, iyanrìn lásán ni. Ẹ bá mi ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí n rí i."

Ṣèyílọ́lá rẹ́rìn-ín, ó tẹ ti àkọ́kọ́. Àlẹ́ẹ̀tì kékeré kan yọ́ wọlé láti igun, ó dúró ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó lọ. Ọ̀gá Ọdúnjọ ṣì ń wá awò ojú rẹ̀ nínú àpò.

"Ó dà?"

"Ó ti lọ, sà."

"Kí ló wí?"

"Ó ní iṣẹ́ wà."

"Ta ló sọ fún? Àga?" Ó fi awò sójú. "Ọmọ tó kan ilẹ̀kùn tó sá lọ nìyẹn. Mo ní irú wọn ládùúgbò. Gbé e kúrò."

Ànú ló gbé ìkejì wá. Ó wọlé láti yàrá kejì, íápíìsì tó fi ń gbọ́ orin wà ní etí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lápò. "Gúùdù mọ́nìn, sà," ló wí, orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì jáde lápò. Ó wá fi ọwọ́ kejì tẹ kọ̀ǹpútà. "Èyí fúyẹ́, sà. Kódà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dáa, ó máa ṣí. Orí òkè ló máa jókòó sí, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, kò sì ní lọ títí wọ́n á fi dáhùn."

Gbogbo ohun tí Ànú sọ ló tọ̀nà. Bí ẹ bá bi Ọ̀gá Ọdúnjọ lónìí, á gbà fún yín pé ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, àpò yẹn nìkan ló ń wò.

"Mi ò fẹ́ ẹ."

"Kí ló ṣe é, sà?"

"Kò lẹ́kọ̀ọ́."

"Láíbìrì náà?"

"Àti òun àti àwọn tó mú un wá."

Ànú wo Ṣèyílọ́lá. Ṣèyílọ́lá yára tẹ ìkẹta. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn biribiri, àpótí funfun kan sì yọ láàárín rẹ̀, ó dúró gbàgbà. Ọ̀gá Ọdúnjọ tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, kò sí ohun tó dáhùn. Ó di dandan kó dá àpótí yẹn lóhùn kó tó lè lọ síbì kan.

Ẹ̀rín bọ́ sẹ́nu rẹ̀. "Èyí gan-an. Bí onílé tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. O ò lè ní o ò rí i." Ó tún wò ó. Ẹ̀rín náà rọ. "Ṣùgbọ́n kò kíni."

"Sà?"

"Ó kàn já wọlé, ó ní iṣẹ́ wà. Ṣé bí ẹ ṣe ń wọ ilé àgbà nílé yín nìyẹn? Kí ó kọ́kọ́ kí wọn. Kí wọ́n dá a lóhùn. Kó tún kí wọn."

Ṣèyílọ́lá mú bírò. Ọ̀gá Ọdúnjọ ń pè é, ó ń kọ ọ́: ẹ káàárọ̀; ṣé dáadáa lẹ jí; ilé ńkọ́; ìyàwó ńkọ́; àwọn ọmọ ńkọ́; ara ò le bí; ẹ kú iṣẹ́ àná. Ìkíni méje, àpótí méje, ìdáhùn méje, kí iṣẹ́ tó wá wọlé lẹ́yìn wọn bí ọba.

"Bàbá, àwọn tí kò tíì níyàwó ńkọ́?"

"Kó ṣáà máa béèrè. Wọ́n á rántí láti fẹ́."

"Ṣé ìkíni kan péré kò tó, sà?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọkùnrin yẹn ò kí mi. Ṣé o rí ibi tó gbé wa dé?"

Ṣèyílọ́lá kò mọ ọkùnrin yẹn. Ó wo Ànú, Ànú ń wo àjà. Ó ṣe é bí oníbàárà ṣe fẹ́ ẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, Ọ̀gá Ọdúnjọ lọ dán an wò. Ibì kan wà ní Ajah tí àwọn bíríkìlà, lébìrà àtàwọn tó ń lẹ táìlì máa ń jókòó sí láràárọ̀, ṣọ́bìrì àti páànù nílẹ̀ níwájú wọn, tí wọ́n á máa dúró de ẹni tó máa gbé wọn lọ síbi iṣẹ́. Bíi ogójì èèyàn ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ti ṣí áàpù náà láti àná. Ọ̀gá Ọdúnjọ fara pamọ́ sẹ́yìn ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù, ó tẹ bọ́tìnnì.

Ogójì fóònù dún pọ̀.

"Ẹ wo nǹkan," ni Tìjání wí. Ará Ṣakí ni Tìjání, ọwọ́ rẹ̀ yá níbi rírẹ́ ògiri, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. "Fóònù mi ní ẹ káàárọ̀. Ẹ káàárọ̀ o, sà." Ó tẹ̀ ẹ́. "Ó ní ṣé dáadáa ni mo jí. A dúpẹ́ o. Èyí mà lẹ́kọ̀ọ́ ju ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lọ."

"Tèmi ń béèrè ìyàwó mi," ni ọkùnrin kan wí nítòsí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti le. "Ta ló sọ fún un pé mo níyàwó? Kí ló kàn án níbẹ̀?"

"Dá a lóhùn, jàre. Tèmi wà ní Ṣakí, mo ní ó kí wọn."

Àgbà kan lára wọn ti pa fóònù tirẹ̀. "Ẹni tó bá kíni tó báyìí, ó fẹ́ tọrọ nǹkan ni. Gbájú-ẹ̀ nìyẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ni àwọn mẹ́wàá bá pa tiwọn. Ẹnì kan dé orí "ara ò le bí", ó ní ilé ìwòsàn kan ló ń wá aláìsàn kiri, ara òun le, ó pa á. Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ìdáhùn wọn han ara wọn, wọ́n ń padà sẹ́yìn kí àpótí náà lè tún kí wọn. Nínú ogójì èèyàn, àwọn mẹ́ta péré ló dé ibi tí iṣẹ́ wà, méjì nínú wọn sì rò pé àwọn ti ṣèèṣì ni, wọ́n padà.

Ọ̀gá Ọdúnjọ jáde síta. "Tìjání."

"Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀. Ẹ wá wo nǹkan. Mo ti dá a lóhùn ní ìyípo mẹ́ta. Èèyàn dáadáa ni."

"Iṣẹ́ tó ní kó o wá ṣe ńkọ́?"

"Iṣẹ́ wo?"

Ọ̀gá Ọdúnjọ ti fóònù bọ àpò. Ó wọ ọkọ̀, ó forí lé Igbó Ẹfọ̀n. Inú ń bí i, ó sì ń wá ẹni tó máa bínú sí. Kì í ṣe Ṣèyílọ́lá, ó kìlọ̀. Kì í ṣe Tìjání. Ó dáhùn dáadáa. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó rí i pé òun fúnra òun ló ṣẹ òun, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ohun tó mọ̀ nípa ìyodì ló lò: láti Ajah dé Igbó Ẹfọ̀n, kò bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó wọlé, Ṣèyílọ́lá kúnlẹ̀, ó sì rí ojú rẹ̀, kò béèrè bó ṣe lọ. Ọ̀gá Ọdúnjọ jókòó. Ó fa àga súnmọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ti ọmọ alápò yẹn," ló wí. "Èyí tó ń jókòó sókè. Ṣé ó ṣì wà?"

Àfi bí ẹni pé Ànú ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níta, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì. Íápíìsì já bọ́ létí rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì, kò wò ó. "Ẹ káàsán, sà."

Ọ̀gá Ọdúnjọ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀. "Dìde. Ṣé tìẹ yẹn máa kíni?"

"Gbólóhùn kan, sà. Ìkíni àti iṣẹ́ nínú àpótí kan náà. Lẹ́yìn náà, bọ́tìnnì kan: 'Mò ń bọ̀.'"

"Àwọn tí kò lè kàwé kíákíá ńkọ́?"

"Ẹ lè fi ohùn yín sí i," ni Ṣèyílọ́lá wí. "Bí wọn ò bá ṣáà ti pa ojú áàpù náà dé, ohùn yín ni wọ́n máa gbọ́."

Èyí wọ Ọ̀gá Ọdúnjọ lára. Ó gbà á sílẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlá kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdúnjọ ni. Iṣẹ́ wà ní Ibeju-Lekki láàárọ̀ Sátidé, aago mẹ́fà ààbọ̀." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́nu kọ̀ǹpútà, òun àti ara rẹ̀ sì parí ìjà.

"Ní gbogbo ìlàjì wákàtí ni yóò máa tún un wí," ni Ànú sọ, "títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni mẹ́rìnlélógún bá ti pé, kí n jẹ́ kó dákẹ́ lórí fóònù àwọn tó kù?"

"Kí ló dé tó máa dákẹ́? Bí o bá kí èèyàn tí kò tíì dá ẹ lóhùn, ṣé wàá dákẹ́ torí pé ará ilé kejì ti dáhùn?"

"Ṣùgbọ́n sà, iye tí ẹ ń fẹ́ á ti pé."

"Mo ní kó má dákẹ́."

Ṣèyílọ́lá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ Ànú lábẹ́ tábìlì. Wọ́n jẹ́ kí àlẹ́ẹ̀tì náà má dákẹ́.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Ọ̀gá Ọdúnjọ tẹ bọ́tìnnì. Kí ó tó bu omi mu, ẹni méje ti dáhùn. Kó tó di aago márùn-ún, ó pé mẹ́rìnlélógún. Ó ka orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìdí jó díẹ̀ níwájú ilé, ó sọ fóònù sápò, kò sì wò ó mọ́ lọ́jọ́ náà.

Kò mọ ohun tó ń lọ nígboro. Ohùn rẹ̀ ń wọlé tọ àwọn èèyàn lórí àga onígbàjámọ̀, ó ń bá wọn nídìí oúnjẹ, ó ń jí wọn lójú oorun. Káfíńtà kan tó ti pinnu pé òun máa sinmi ní Sátidé farada á títí di ìgbà kẹjọ, ó tẹ "Mò ń bọ̀" kí ọmọ rẹ̀ lè sùn. Tìjání, tí inú rẹ̀ dùn pé fóònù tún ń kíni, fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀, àwọn yẹn náà fi ránṣẹ́.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé, ẹni mẹ́rìnlélógún tò sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ní Ibeju-Lekki. Ẹnjiníà Fàrídátù kà wọ́n, ó mi orí. Ọ̀gá Ọdúnjọ kò lè pa ẹnu rẹ̀ dé fún ayọ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì kan ti dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí èèyàn kún ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀kadà mẹ́fà, èèyàn méjì méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin ta ni?"

"Àwa tí a ní à ń bọ̀."

"Mi ò pè yín."

"Ọ̀gá, ìgbà mẹ́rìnlá lẹ pè mí," ni ẹnì kan wí láti inú ọkọ̀. "Mo kà á. Ìyàwó mi ń béèrè ta ni Ọdúnjọ."

Ẹnjiníà tún kà wọ́n. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. "Ọ̀gá Ọdúnjọ, ṣé ilé la fẹ́ kọ́ àbí ogun la fẹ́ jà? Iṣẹ́ ẹni mẹ́rìnlélógún ni mo ní. Bí àwọn yìí bá fi bẹ̀rẹ̀ ìjà níbí, ẹ mọ ẹni tí mo máa pè."

Kò sídìí fún un láti pè é. Ọláníyan ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn wọn. Ó ti sanra díẹ̀, orí rẹ̀ ti hu ewú níwájú. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kò súnmọ́ wọn. Ọ̀gá Ọdúnjọ ní lọ́kàn rẹ̀ pé ọkùnrin yẹn ti wá wo bí iṣẹ́ ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ọkọ̀ kọnkéré mẹ́ta ti wà nínú ọgbà, ikùn wọn ń yí. Ẹ̀rọ gígùn tó máa fa kọnkéré lọ sókè ti na ọrùn sórí dẹ́kìn. Awakọ̀ rẹ̀ tan án. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òróró bẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n tan án, ó kọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Awakọ̀ ní ó di ìrọ̀lẹ́ kí mẹkáníìkì tó lè dé.

Kọnkéré kì í dúró de ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀. Ẹnjiníà wo ọkọ̀ mẹ́ta, ó wo dẹ́kìn lókè, ó wo pákó tí àwọn káfíńtà fi ṣe àtẹ̀gùn láti ilẹ̀ dé ibẹ̀. Orí ni wọ́n máa fi rù ú. Ẹni mẹ́rìnlélógún kò lè rù ú tán kó tó le. Ó yí ojú padà díẹ̀díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

"Mélòó lẹ ní ẹ kó wá?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta," ni Ọ̀gá Ọdúnjọ wí, ohùn kékeré.

"Ẹ lọ bá mi yá hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti páànù níbi iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yẹn," ni Ẹnjiníà sọ fún àwọn èèyàn tirẹ̀. "Gbogbo èyí tí wọ́n bá ní."

Irú iṣẹ́ báyìí ń fẹ́ ọ̀gá méjì: ọ̀kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa bu kọnkéré, tí yóò máa tú ìlà sílẹ̀, ọ̀kan lókè tí yóò máa sọ ibi tí wọ́n máa dà á sí. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ ìrìn ara wọn. Ọ̀gá Ọdúnjọ wo yíká. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan péré ló mọ bí òun ṣe ń da dẹ́kìn. Òun ló kọ́ ọ.

Ẹni náà ti ń bọ̀. Ọláníyan dé iwájú rẹ̀, ó tẹ̀ba, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ikùn ọkọ̀ kọnkéré ń yí gìrìgìrì létí wọn, òkúta ń ró nínú rẹ̀. Ọ̀gá Ọdúnjọ kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu ló ń wò.

Ó dúró. Nǹkan kan ń rìn bọ̀ lọ́kàn rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ dé.

Ó gbọ́wọ́ sókè sí awakọ̀ ọkọ̀ kọnkéré. "Pa á."

"Kọnkéré ló wà nínú ẹ̀, Bàbá."

"Mo ní pa á."

"Ọ̀gá Ọdúnjọ, kí lẹ ń ṣe?" ni Ẹnjiníà wí.

"Ìṣẹ́jú kan."

Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́. Ibi iṣẹ́ pa lọ́lọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àpò Ọláníyan ti sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ga: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdúnjọ ni. Iṣẹ́ wà ní Ibeju-Lekki."

Ọ̀gá Ọdúnjọ wo àpò náà. "O ò tíì tẹ̀ ẹ́?"

"Mi ò tẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá mi. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni líǹkì náà ti dé bá mi. Ọdún kẹsàn-án tí ẹ ti kí mi gbẹ̀yìn nìyí. Àná títí di àárọ̀ yìí, ẹ kí mi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún. Mo ní kí n má fi bọ́tìnnì dáhùn, kí n wá fẹnu dáhùn."

"Èmi ni mo kí ọ?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ dárúkọ."

Tìjání fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá Ọdúnjọ ronú kan ìgbà mẹ́tàlélógún tí òun àgbà kí ọmọdé tí kò dáhùn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fẹ́ ru, ó sì rántí pé òun fúnra òun ló ní kí àlẹ́ẹ̀tì má dákẹ́.

"Ọjọ́ yẹn," ló wí. "O kọjá lára mi níhìn-ín. Ọrùn rẹ nà gbọin."

"Páànù kọnkéré ló wà lórí mi, Ọ̀gá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dọ̀bálẹ̀? Mo kí yín. Míkísà ń ké létí yín."

"Kí ló dé tí o ò tún mi kí nígbà tí o sọ ọ́ kalẹ̀?"

"Ẹ ti kọjú sí òkun."

Ẹnjiníà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀gá, kọnkéré."

"Bọ́ sókè," ni Ọ̀gá Ọdúnjọ wí fún Ọláníyan. "Igun ìlà-oòrùn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Wọ́n tan ọkọ̀ padà. Ìlà kan ń gòkè pẹ̀lú páànù tó kún, ìlà kan ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òfìfo. Tìjání ń fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ dárin, mọ́kànlélọ́gọ́ta èèyàn ń gbè é, káfíńtà tó fẹ́ sinmi ń sáré ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀gá Ọdúnjọ ń na ọwọ́ nílẹ̀, Ọláníyan ń na ọwọ́ lókè, kò sì sẹ́ni tó nílò láti gbọ́ ohùn ẹnì kejì rẹ̀. Kó tó di aago mọ́kànlá, dẹ́kìn ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo.

Ẹnjiníà Fàrídátù rìn yí i ká. Ó sọ̀ kalẹ̀. "Ìlàjì àwọn èèyàn yìí, ti Ọláníyan ni, àbí? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa da mẹ́rin tó kù. Ẹ jọ máa dà á ni o. Mi ò fẹ́ gbọ́ 'ọkùnrin yẹn' mọ́."

"Ẹ ṣé, Ẹnjiníà," ni Ọ̀gá Ọdúnjọ wí. Ó dúró kó lọ tán. Ó kọjú sí Ọláníyan. "Mo ti gbọ́ ti òní. Ti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni mi ò tíì gbọ́."

Ọláníyan wò ó bóyá ó ń ṣeré. Kò jọ ẹni ń ṣeré. Ó bá gbé páànù òfìfo kan nílẹ̀, ó gbé e lérí, ó rìn sẹ́yìn títí dé ibi tí ọkọ̀ wà. Ó wá rìn bọ̀, ọrùn rẹ̀ nà gbọin, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Nígbà tó dé iwájú ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọ̀gá Ọdúnjọ fi ọwọ́ sẹ́tí. "Tún un rìn."

Ó tún un rìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń wòran, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Ní ìgbà kẹta, Ọ̀gá Ọdúnjọ dáhùn: "Ọláníyan, o kú iṣẹ́."

Àpò Ọláníyan dá sí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdúnjọ ni."

"Tẹ nǹkan yẹn kó dákẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó máa kí mi díẹ̀ sí i, Ọ̀gá," ni Ọláníyan wí lábẹ́ páànù. "Ó ṣì jẹ mí ní ìkíni ọdún mẹ́sàn-án."